Ẹ̀rọ Tó Gbọ́ Ìdákẹ́jẹ́ Ìyá Mi

Bí mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yẹn nínú fóònù ẹlòmíràn lónìí, ńṣe ló máa ń rí mi lára. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un. Yóò kí ọ kú iṣẹ́, yóò kí ọ kú ilé, bí ọmọ tí a kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́. Irọ́ ni. Mo mọ̀, torí pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama l'Adó nígbà tí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní kí n máa wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ní Sátidé. Wọ́n fẹ́ kó ilẹ̀ àwọn ẹbí sínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bulọ́kùṣéènì: ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ohun tó bá sì ti wọ inú rẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ni yóò máa gbọ́ ìpàdé ẹbí, tí yóò sì sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n so ọ̀rọ̀ wa mọ́ ìtumọ̀ wọn kí ẹ̀rọ náà lè lóye: ta ni olórí ẹbí, kí ni ogún, kí ni ẹ̀bùn. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé ènìyàn fara mọ́ ọ̀rọ̀, mo kọ ọ́ pé: bí kò bá takò ó nípàdé. Ebi ń pa mí, mo fẹ́ máa lọ.

Èmi ọmọ ìlú Ìyìn! Ta ni kò mọ̀ pé a kì í bá àgbà jiyàn lójú agbo? Wàá kúnlẹ̀, wàá dákẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá lọ bá a nílé, wàá sọ tinú rẹ, àgbà á sì tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe láìsí ìtìjú.

Ohun tí ìyá mi ṣe gan-an nìyẹn. Olórí ẹbí wọn, tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, sọ nípàdé pé gbogbo ilẹ̀ ọ̀nà Ìgèdè, ti ẹbí ni. Fóònù ilé-iṣẹ́ náà wà lórí tábìlì, ẹ̀rọ ń gbọ́. Oko kòkó ìyá mi sì wà lọ́nà ọ̀hún. Bàbá rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ kó tó kú. Ó kúnlẹ̀, ó dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá olórí ẹbí náà nílé, ìyẹn sì di orí mú: "Háà, mo gbàgbé ni. Tìrẹ ni, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti kọ tirẹ̀ pé ti ẹbí ni oko náà. Mo sáré bá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní àfi kí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ tuntun. Àwọn ìbátan tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà oko náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀rọ kì í parọ́, wọ́n ní. Ìwà ọ̀bùn gbáà! Wọ́n ta ilẹ̀ náà, katakata sì hú gbogbo kòkó tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Mo bi ẹ̀rọ náà lójú ìyá mi pé ta ló yọ̀ǹda oko yẹn. Ó kọ́kọ́ kí mi. Ó wá ní, "Ìyá náà fara mọ́ ọn, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí bẹ́ẹ̀?" Ìyá mi ló bi mí.

Mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Uṣẹ́ rẹ nìyí?" Èmi fúnra mi wá ń rí ara mi lára ju ẹ̀rọ náà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ó wo fóònù ọwọ́ mi.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o bẹ̀ mí, mi ò sì dákẹ́ o," ó ní. "Mo ní rárá."