Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Ògiri
Nígbà tí mò ń kán oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sọ́mọdé lẹ́nu ní Agége, a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri ilé tí a bá ti ṣe. Òyìnbó tí àjọ òkè òkun tó ń fún wa lóògùn rán wá ò rí àmì ní ilé kan, ó sì kọ ọ́ pé a ò débẹ̀. Inú bí mi. Mo mú un lọ bá ìyá onílé.

“Mọ́mì, ṣé a ò wá síbí ni?”

Wọ́n ní a wá, àwọn ló fomi fọ àmì náà. Òyìnbó ní kí n béèrè ìdí.

Ìyá nawọ́ sí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ilé wà níbẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀,” wọ́n ní, “kí ìjọba tó wá sàmì sí i.”