Orúkọ Ẹ̀yìn Fọ́tò

Màmá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Jane and Finch nílùú òyìnbó níbí máa ń fi báírò kọ orúkọ èèyàn sẹ́yìn gbogbo fọ́tò. Wọ́n á ní, “Ẹ pe orúkọ yín dáadáa, àwọn ọmọ yín á bèèrè.”

Lẹ́yìn ikú wọn, ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ̀yìn àwọn fọ́tò náà mọ́ pátákó. Gọ́ọ̀mù, lórí orúkọ! Sábẹ́ fọ́tò màmá fúnra wọn, ìgbìmọ̀ kọ ọ́ pé, “Ọ̀kan lára àwọn ìyá wa.”

Orí mi gbóná. Mo jágbe mọ́ alága, “Ṣé wọn ò lórúkọ ni?”

Ó ní, “Auntie, sorry. Kí lorúkọ wọn, ká kọ ọ́?”

Gbogbo ọdún tí a fi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, “Màmá” ni mò ń pè wọ́n.