Ohùn Màmá Nínú Orin Ráàpù

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí bọ́tìnnì rédíò kásẹ́ẹ̀tì ró "kàù", àbúrò mi ọkùnrin ni mo máa ń rántí. Láàárín àwọn ọdún 1990, rédíò méjì péré ló fi ń ṣe orin ráàpù nílé wa l'Ọ̀fà. Á gba ìlù díẹ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn, á dá a dúró, á yí i padà, á tún gbà á, títí ìlù bíńtín yẹn á fi gùn tó odindi orin.

Bó bá ń gbé orin rẹ̀ sí i fún àlejò gbọ́, kì í jẹ́ kó lọ tààrà. Á tẹ bọ́tìnnì, á ní, "Fèrè yìí, ti bàbá kan n'Ìjàgbò ni. Èmi kọ́ ni mo fọn ọ́n o."

Lọ́jọ́ kan, ó fi ohùn Màmá tó gbà sílẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi oríkì kí i láàárọ̀. Ariwo ni Màmá ń pe ráàpù. Mo rò pé wọ́n máa gba rédíò méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fajú ro.

"O gé mi síbi tí mi ò tíì dárúkọ bàbá rẹ. Tan nǹkan yẹn, kí n kì ẹ́ dáadáa."

Bí àwọn méjèèjì ṣe jọ ṣe orin nìyẹn. Látìgbà náà, bí orin náà bá ti kan ibi ohùn Màmá, àbúrò mi á dá a dúró, á ní, "Ìyá mi nìyẹn."

Màmá á sì pariwo láti ilé ìdáná, "Kí ló dé tó o dá mi dúró? Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi!"