Sikọ́láṣípù Ọmọ Mi Lọ́wọ́ Onítáàsì

Ọkùnrin tó ń bá wa ṣe ìwé owó orí ní kí n sọ pé yàrá àti oúnjẹ ni apá kan sikọ́láṣípù ọmọ mi lọ fún, pé èmi ni mo fi owó ara mi san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ní kí n na bírò sí òun. Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé mi jọ.

Àbíkẹ́yìn mi ni ọmọ tí à ń wí yìí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ìyá rẹ̀ tó bí i ní Dallas níbí. Ọdún kẹta ló wà nígbà náà ní yunifásítì kan tó tó ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ilé wa ní Duncanville, inú ọgbà ilé-ìwé ló sì ń gbé. Èmi ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ṣì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Òfin kan wà nílẹ̀ yìí tó ní bí òbí bá san owó yunifásítì fún ọmọ rẹ̀, ìjọba lè yọ nínú owó orí òbí náà, títí dé ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ dọ́là lọ́dún kan, fún ọdún mẹ́rin péré. Ọdún méjì àkọ́kọ́, a gbà á láìsí wàhálà. Ní ọdún kẹta ni ọmọ náà gba sikọ́láṣípù, a sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi ìgbà tí ìwé tí ilé-ìwé máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọdún dé. Àpótí kan lórí rẹ̀ sọ pé owó ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Àpótí kejì sọ pé sikọ́láṣípù jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ẹni tó bá wo àpótí méjèèjì yóò ní a kò san kọ́bọ̀ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó yàrá àti oúnjẹ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ àpò wa.

Owó tí ìjọba máa dá padà yẹn la fẹ́ fi di yàrá rẹ̀ mú fún ọdún tó kẹ́yìn. Ìyàwó mi kò fi ọ̀rọ̀ bò.

"Bí owó yẹn ò bá wọlé, kó padà wá sílé," ó wí. "Kó máa ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kó fi ọdún méjì ṣe ti ọdún kan."

Mo mọ ohun tí irú ọdún méjì bẹ́ẹ̀ máa ń dà. Mo mọ àwọn tó ní àwọn fẹ́ sinmi fún sáà kan péré, tí wọn kò tíì padà títí di òní.

Díákónì ni ọkùnrin tó ń ṣe ìwé owó orí náà, tí a ń pè ní onítáàsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Balch Springs, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà, Bíbélì ńlá kan sì wà lórí tábìlì rẹ̀, tó gbé ẹ̀rọ ìṣirò lé lórí. Mo máa ń fura sí ẹni tó bá gbé Bíbélì sórí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣírò owó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí a lọ ìpàdé ọdọọdún ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Floyd, ẹnì kan tí a jọ dúró síbi tí a gbé ọkọ̀ sí ti sọ fún mi pé ìjọba kọ lẹ́tà sí ìdílé méjì tí díákónì bá ṣe ìwé. Kò sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà. Èmi náà kò bi í. Ohun tí mo gbọ́ ti tó mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ohun tó kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn tó kí mi tán ni lẹ́tà sikọ́láṣípù.

"Kí lo fẹ́ fi lẹ́tà ọmọ ọlọ́mọ ṣe?" mo bi í.

"Bàbá, mi ò ní gbé e lọ sí báńkì," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó fún un ní owó ní kó fi ṣe ni. Bí wọ́n bá gbà á láyè kó fi jẹun, kó fi gbé inú ilé, a jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú rẹ̀, ilé àti oúnjẹ ló bá lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin owó ẹ̀kọ́ á di èyí tẹ́ ẹ fi owó yín san."

"Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn?"

"Owó ò ní orúkọ lára, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

"Ìjọba ni, sà."

Gbogbo ẹni tó ti rẹ́ mi jẹ láyé mi ló kọ́kọ́ dárúkọ ìjọba. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé kì í ṣe díákónì nìkan ni mò ń rí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí èmi wà ní yunifásítì ní Nàìjíríà, ìjọba ìpínlẹ̀ wa ló ń fún wa ní owó ìrànwọ́. Ìgbà dáadáa ni. Tíkẹ́ẹ̀tì la fi ń jẹun, wọ́n ń fi adìyẹ sí oúnjẹ wa lọ́jọ́ ìsinmi, a ó kó aṣọ ìbùsùn wa sílẹ̀, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á dá a padà. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ẹni ogún ọdún ni mí. Bí owó ìrànwọ́ bá dé, wọn á lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri, a ó tò, a ó fọwọ́ sí ìwé, a ó gbà á. Ní ọdún kẹta mi, mo dé orí ìlà, akọ̀wé yí ìwé sí mi. Ẹnì kan ti fọwọ́ sí i ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi. Ọmọ ìlú wa ni akọ̀wé náà. Òun ló máa ń pè mí ní àbúrò, òun ló máa ń béèrè àlàáfíà ìyá mi. Ó wo ojú mi, ó ní bóyá mo ti gbà á tí mo gbàgbé. Owó bàtà ni mo fi la sáà yẹn kọjá, bàtà kan ṣoṣo tí mo ní tí mo tà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń sọ èdè mi sí mi nígbà tí owó wà láàárín wa, mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mo gbé ìwé mi lọ bá àwọn tí kò mọ̀ mí. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni, ó ní gíláàsì níwájú, wọ́n sì to àga bí ti ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló dá mi lóhùn. Kò rẹ́rìn-ín, kò bi mí léèrè ìdílé mi, kò sí Bíbélì. Ọkàn mi balẹ̀. Ó wo àpótí méjèèjì, ó tẹ kọ̀ǹpútà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní sikọ́láṣípù ti ju owó ẹ̀kọ́ lọ, kò sí ìyọkúrò kankan fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó fún mi ní ìròyìn búburú. Mo rò ó pé olè kì í sọ fún ènìyàn pé kò sí owó.

Àmọ́ èmi àti ìyàwó mi la jọ ń fi ìwé owó orí kan ránṣẹ́ sí ìjọba, àfi kí òun náà fọwọ́ sí i. Mo gbé èyí tí ọmọbìnrin òyìnbó náà ṣe dé iwájú rẹ̀ nílé ìdáná.

"Ó béèrè lẹ́tà?" ìyàwó mi bi mí.

"Rárá."

"Díákónì ńkọ́?"

"Òun béèrè."

"Bí dókítà méjì bá ń tọ́jú aláìsàn, tí ọ̀kan bi í ní ìbéèrè, tí èkejì kàn kọ oògùn fún un, èwo lẹ máa sá fún?" Ó tì í padà sí mi láì fọwọ́ sí i. "Ẹ̀yin lẹ kàwé jù nínú ilé yìí. Ẹ lọ kà á."

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí láíbìrárì, mo ní kí wọ́n tẹ ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé fún mi. Ó nípọn. Mo mú pẹ́ńsù, mo jókòó síbi fèrèsé, mo ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ bí mo ti ń ṣe láyé àtijọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹta mo kan ibẹ̀. Bí díákónì ti sọ ọ́ gan-an ló wà. Bí ìlànà sikọ́láṣípù bá gbà á láyè láti fi jẹun àti láti fi gbé ilé, tí ọmọ sì kà á mọ́ owó tó wọlé fún un, òbí lè ka owó ẹ̀kọ́ sí èyí tí òun san. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wo ẹ̀yìn ìwé náà bóyá ó ti di ti àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo padà sílé, mo tú àpótí tí a ń kó ìwé ọmọ náà sí, mo rí lẹ́tà ọ̀hún. Ẹ̀kọ́, ìwé kíkà, yàrá àti oúnjẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ohun tó kù ni ọmọ náà. Òun ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé owó orí tirẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún wọlé fún òun. Nígbà tó wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Yorùbá ni mo ń sọ, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn, bí a ti máa ń ṣe.

"Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ pé mo rí owó, kí ẹ̀yin lè gba owó?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bó ṣe jọ nìyẹn. Ta ló sọ fún yín?"

"Ìjọba ni," mo wí.

Ó gbé ojú sókè wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Inú mi dùn sí i díẹ̀, ó sì bà mí lẹ́rù, torí pé bó bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, yàrá ọdún tó ń bọ̀ sì ti lọ.

Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí onítáàsì náà. Lọ́jọ́ Ajé, kó tó padà sílé-ìwé, a jọ lọ sí Balch Springs. Díákónì kò bi mí ìdí tí mo fi dìde lọ lọ́jọ́sí. Ọmọ mi jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ìwé ìkọ̀wé lé itan.

"Ṣé màá jẹ gbèsè owó orí?" ó bi í.

Díákónì fi owó tí ọmọ mi ń rí níbi iṣẹ́ díẹ̀ tó ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kún ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà, ó fi hàn án pé àpapọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń gba owó orí.

"Ṣé kò ní ba sikọ́láṣípù mi jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, àbúrò. Má gbà á lẹ́nu mi. Pe ilé-ìwé rẹ."

Ó jáde lọ pè wọ́n. Mo ń wò ó láti inú gíláàsì, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn táyà, fóònù létí. Èmi àti díákónì dá wà. Mo ní kí n béèrè ọ̀rọ̀ Floyd lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ìjọba kọ lẹ́tà sí àwọn kan lára àwọn tó ò ń bá ṣe ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Méjì. Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ ń bẹ nílé-ìwé, ọmọ ò sí níbẹ̀. Àgbà ni wọ́n, ojú tì mí láti sọ pé kí wọ́n mú ìwé wá." Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Ìdí rèé tí màá fi ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí èyí, pé ẹ̀yin lẹ gbé lẹ́tà yìí wá, àti pé mo fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹ má bínú, Bàbá."

Ibi mẹ́ta ló ní kí n fọwọ́ sí. Ó wo ọwọ́ mi bí mo ti ń kọ ọ́, ó sì fi orúkọ mi wé èyí tó wà lórí káàdì mi. Ọkùnrin yìí náà kò fọkàn tán mi. Ọjọ́ náà ni mo tó gbà fún un.

Ọmọ mi wọlé, ó ní ilé-ìwé ní kò sí ewu, ó ti kọ orúkọ ẹni tó dá òun lóhùn sílẹ̀. Ó ka tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Èmi àti ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí tiwa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Kò tó oṣù kan tí owó náà fi wọlé. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kí a má tíì fọwọ́ kàn án, kí a dúró wò ó, ìjọba lè ní àwọn ṣèèṣì, kí wọ́n gbà á padà.

"Ẹ ti pẹ́ jù," ó wí. "Mo ti san owó yàrá ọmọ láàárọ̀."