Àpótí Èédú Ọkọ Mi

Ọkọ tí mo fẹ́ ti jagun dé Bọ́mà, nítorí náà kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún ìbọn, ó sì mọ gbogbo àléébù tó wà lára ọbẹ̀ mi. Ìbà là ń gbé nígbà náà. Akọ̀wé ni ní kóòtù ìbílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ láràárọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tí èmi ń lọ̀. Èmi ní tèmi, fùfú ni mò ń tà.

Lọ́dún kan, òjò wó ilé ìdáná wa lulẹ̀. Ọkọ mi ní òun á tún un kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò dé títí òjò ọdún yẹn fi dá. Mo bá kó ìkòkò ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ wọ yàrá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá mọ fùfú mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tó ti wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin kì í ta sánsán bí lọ́fíńdà.

"Ìyàwó, òórùn yìí á pa èèyàn," ni ọkọ mi wí. Fùfú ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ tún ilé ìdáná kọ́."

Ó ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ọ̀gá òun ń bọ̀ láti Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sátidé láti wá kí wa, kò sì gbọdọ̀ bá ilé báyìí. Ó ní ní Bọ́mà, wọ́n fún àwọn ní ìbòjú tí kì í jẹ́ kí gáàsì olóró wọ imú, èédú tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe ló sì wà nínú rẹ̀. Kí ló wá lè ṣòro nínú ti fùfú?

Báyìí ni ẹni tí kò ráyè gbé òpó mẹ́rin ró ṣe ráyè kó èèpo àgbọn jọ fún odindi ọjọ́ méjì. Ó gbẹ́ kòtò, ó dáná sun ún, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kó má baà di eérú. Ó gún èédú náà nínú odó iyán mi láì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kan àpótí pẹlẹbẹ kan, ó ta nẹ́ẹ̀tì onírin sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó rọ èédú sáàárín, ó sì gbé e dí fèrèsé kan ṣoṣo tí yàrá náà ní.

"Afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, á fi òórùn sílẹ̀," ló wí.

Afẹ́fẹ́ ò gba ibì kankan kọjá. Òórùn tó ti ń rí fèrèsé jáde tẹ́lẹ̀ wá jókòó tì wá bí àna tí ò fẹ́ lọ. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìjì kan fẹ́ láti ọ̀nà ọ̀sà, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú èédú sórí ṣòkòtò funfun mẹ́ta tí mo ti fi sítáàṣì sí. Ọkọ mi wò wọ́n, ó ní àpótí náà ń ṣiṣẹ́, ṣé a ti wá rí i báyìí pé atẹ́gùn ń wọlé.

Bí mo ṣe ń fọ ṣòkòtò, inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo tún ń ronú. Inú ìkòkò ni òórùn ti ń jáde. Kí ni èédú ń wá lójú fèrèsé? Mo tú àpótí náà palẹ̀, mo fọ èédú títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo sá a gbẹ. Mo fi àpò ìyẹ̀fun rán nǹkan pẹlẹbẹ bí ìrọ̀rí, mo rọ èédú sí i, mo sì fi dé ìkòkò kọ̀ọ̀kan lẹ́nu pinpin. Mo ṣí fèrèsé. Kí n má parọ́, òórùn náà ò kú tán, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀ débi pé èèyàn lè gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó jẹ fùfú mi, ó na ẹsẹ̀, ó ní níbo ni mo ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí tí òun ò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọkọ mi dìde dúró. Láti Bọ́mà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti gáàsì, ó sọ ti àgbọn, ó sọ bí òun fúnra òun ṣe fọ èédú, àti bí ọgbọ́n àpò ìyẹ̀fun ṣe sọ sí òun lọ́kàn. Mo gbé omi fún wọn, mo kúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí aya rere.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí, "ṣe mẹ́fà fún mi. Ìyàwó mi náà ń rẹ ẹ̀gẹ́."

Ọ̀gá ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ mi fi tọ̀ mí wá ní ẹ̀yìnkùlé. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyàwó mi àtàtà, báwo la ṣe ń rán àpò yẹn ná?"

Mo ní kí ó jókòó, mo fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo tú mẹ́rin, nítorí pé èédú ń jò níbẹ̀. Ó tún wọn rán, kò sì jiyàn.