Eyín Ẹja Méjìlá Tí Kò Ní Ìwé

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí mo ti ibi ìwẹ̀ dé tí mo bá àpótí mi ní ṣíṣí. Àyà mi já. Kò tíì padà sí àyè rẹ̀ títí di òní.

Ìyá Sàfú, ìyàwó Àfáà onílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, jókòó ti ọpọ́n omi. Ó ti to àwọn òkúta mi sórí ẹní, ńlá sí ńlá, kékeré sí kékeré.

"Akọ̀wé, mo bá ọ fọ̀ wọ́n. Erùpẹ̀ yẹn pọ̀ jù. Ṣé bí èèyàn ṣe ń gbé nìyẹn?"

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ìwé tí mo fi wé wọn ńkọ́?"

"Ó wà nínú igbá. A kì í da ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí nù nílé yìí. Ta ló mọ̀ bóyá orúkọ Ọlọ́run wà níbẹ̀? Kà á, ó pé."

Ó pé lóòótọ́: òkúta mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìwé wo ló ni òkúta wo?

Ìkarahun àti eyín ẹja tó ti di òkúta ni wọ́n. Inú kòtò kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni mo ti wà wọ́n, níbi tí òkun bò kí èèyàn kankan tó dáyé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà bí ẹní tí a tẹ́ lé ẹní: ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́. Ìpele tí mo ti yọ òkúta kọ̀ọ̀kan ni mo kọ sórí ìwé rẹ̀. Láìsí ìyẹn, a kò lè mọ ẹja tó ṣáájú ẹja. Ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ ìwalẹ̀ yìí, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti kọ́ mi pé kí n fi yíǹkì kọ nọ́ńbà sára òkúta fúnra rẹ̀. Mo ní n óò ṣe é lọ́la. Mo sì ti ṣàṣìṣe kan tẹ́lẹ̀, tó fi sọ pé, "Bí o bá tún da nǹkan rú, ilé yá nìyẹn."

Mo mú abẹ́rẹ́, mo ń họ inú ìkarahun níbi tí omi kò dé. Erùpẹ̀ dúdú, ìpele ìsàlẹ̀. Erùpẹ̀ pupa, ti òkè. Nígbà tó fi di ọ̀sán, mọ́kàndínlógún ti rí ìwé tirẹ̀. Ó ku eyín ẹja méjìlá, eyín kò sì ní inú tí erùpẹ̀ lè sá sí.

"Ṣé ẹkún lò ń sun ni? Nítorí òkúta tí a wẹ̀ fún?"

"Òógùn ni, Ìyá."

"Fi ìwé tó kù wé èyíkéyìí. Ta ni yóò mọ̀?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà ti rò ó kí ó tó sọ ọ́. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Takie. Mo kó eyín méjìlá síwájú ọ̀gá, mo ní, "Ẹ má bínú, sà, n kò mọ ìpele ìwọ̀nyí."

Ó ní, "Lọ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ wá. Ohun tí mo bá kà níbẹ̀ ni yóò sọ bóyá o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá kọ orúkọ Ìyá Sàfú, ọ̀gá lè dárí jì mí. Bí mo bá kọ ti yíǹkì tí n kò fi kọ nọ́ńbà nìkan, ilé yá. Láàárọ̀ yìí, ìyá náà tún béèrè pé, "Akọ̀wé, ṣé ọ̀gá rẹ rí i bí wọ́n ṣe mọ́ tó?" Kí ni kí n kọ?