Ìṣó Kékeré Tí Mo Dà Sókun

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rọ ń pariwo burúkú nídìí ọkọ̀ wa, tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Oṣù kẹjọ ni, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀. Ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí. A ti wọ inú òkun débi pé n kò rí igi àgbọn etíkun mọ́.

Ìgbéraga ló gbé mi débẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Iléṣà ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, lójú ara mi, kò sì sí ẹ̀rọ tó kú tí n kò lè jí. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó máa ń lọ ra ẹja ní etíkun Ìlàjẹ ló gbé òkìkí mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá apẹja kan tí ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ dákẹ́. Mo lọ, mo tú u palẹ̀, mo sì tò ó padà. Ìṣó kékeré kan ṣẹ́ kù. N kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀rọ ìlọta náà máa ń ṣẹ́ nǹkan kù bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ata a sì máa kúnná. Mo fi ìṣó náà sápò.

Mo ti ń múra àtipadà nígbà tí ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Níbí o, ẹni tó bá tún ẹ̀rọ ṣe ní í bá wa lọ sókun lọ́jọ́ àkọ́kọ́.” Ojú tì mí láti kọ̀, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹja rẹ̀ gan-an, wíwò la ń wò ó.

Àwa mẹ́ta la lọ: ọ̀gá, àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́kọ̀, àti èmi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fa àwọ̀n tán ni ìjì bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ. Ẹ̀rọ jí, ọkọ̀ kò lọ. Àbúrò gbé ìdí ẹ̀rọ sókè, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lábẹ́ omi ti já lọ. Lórí irin tó ṣẹ́ kù, mo rí ihò kékeré kan tó ṣófo. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ iṣẹ́ ìṣó tó wà lápò mi. Mo yára fi ọwọ́ bo àpò náà.

Ọ̀gá kọjú sí àbúrò rẹ̀. “Ṣé n kò ní kí o yẹ yanrìn ẹnu odò yẹn lówùúrọ̀? O ti fi abẹ̀bẹ̀ gbá a!”

“Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, n ò kan yanrìn kankan.”

“Dákẹ́! Mú àjẹ̀!”

A da gbogbo ẹja padà sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Àwọn méjèèjì ń wà á, èmi ń gbọ́n omi. Nígbà tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, mo yọ ìṣó náà sínú igbá, mo sì dà á nù pẹ̀lú omi.

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí a tó gúnlẹ̀. Àwọn obìnrin ti ń sunkún létí omi. Níwájú gbogbo wọn, ọ̀gá di ọwọ́ mi mú, ó ní àbúrò òun ló fẹ́ pa mí, pé láti ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ tọ́kọ̀ òun mọ́. Àbúrò náà wò mí. Ó ní, “Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Mo ní omi ló kó sí mi lójú, n kò rí nǹkan kan.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti ń lọ bí àádọ́ta ọdún. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ìyá ẹlẹ́ja yẹn, tó jogún òwò ìyá rẹ̀, yà kí mi nílé mi l'Óṣogbo. Mo béèrè àbúrò ọ̀gá apẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó wà láyé, pé iṣẹ́ pákó ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, kò wọkọ̀ mọ́. Mo ní kó bá mi kí i.

Ó ní, “Ta ni kí n sọ pé ó kí wọn, Bàbá?”

Mo ní kó má wulẹ̀ dárúkọ, kó ṣáà bá mi kí i.